Ọ̀rá tí ń Ṣọ́ Òróró

Ohun tó máa ń ba kúlíkúlí àti ẹ̀pà yíyan jẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kúrò lórí iná ni ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́, èyí tí ń wọ inú òróró wọn, tí ń yí i padà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi korò lẹ́nu. Ní Dakace, àdúgbò ilé-iṣẹ́ ní Zaria tí wọ́n ti ń fún òróró, ooru àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn a máa mú kí ìbàjẹ́ yìí yára, ọ̀rá lásán tí wọ́n sì fi ń di kúlíkúlí kò lè dá a dúró, nítorí pé ọ́síjìn ń gba ara rẹ̀ kọjá.

Ìdí nìyí tí àwọn oníṣẹ́ ìdì-oúnjẹ fi ń po èròjà agbógun-ti-ọ́síjìn, irú bíi fítámì E, mọ́ ike kí wọ́n tó sọ ọ́ di ọ̀rá, kí ó lè máa ti ara ọ̀rá bọ́ sínú oúnjẹ, kí ó sì dá ìbàjẹ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ nínú òróró dúró kí ó má baà ran èyí tó kù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń yin bí èròjà náà ṣe pọ̀ tó nínú ọ̀rá, ṣùgbọ́n ẹwà iṣẹ́ yìí wà nínú bí ó ṣe ń jáde, nítorí pé fítámì E tó bá pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan náà tilẹ̀ lè mú kí òróró tètè bàjẹ́.

Wọ́n á yọ́ kóró ike, wọ́n á fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ bí fèrè ọmọdé, ojú àti ọwọ́ oníṣẹ́ kò sì gbọdọ̀ kúrò lára rẹ̀, torí pé bí apá kan bá nípọn ju èkejì lọ, èròjà inú wọn kò ní jáde bákan náà. Láti inú òfin tí Adolf Fick ará Jámánì gbé kalẹ̀ ní 1855 nípa bí ohun kan ṣe ń rìn nínú òmíràn ni a ti rí i pé bí ọ̀rá bá nípọn ní ìlọ́po 2, àkókò tí èròjà yóò fi jáde yóò tó ìlọ́po 4. Àwọn mìíràn a máa ṣe ọ̀rá alápá mẹ́ta: ti ìta ń dènà kí èròjà má baà sá lọ sínú afẹ́fẹ́, ti àárín ń tọ́jú rẹ̀, ti inú sì ń díwọ̀n bí yóò ṣe máa bọ́ sínú oúnjẹ. Ọgbọ́n alápá mẹ́ta yìí wuni púpọ̀.

Àmọ́ inú ọtí líle tàbí òróró ni wọ́n sábà máa ń ri ọ̀rá wọ̀nyí sí láti dán wọn wò, bẹ́ẹ̀ kúlíkúlí gan, ó rí págunpàgun, ibi tó yọ jáde lára rẹ̀ nìkan ló sì ń kan ọ̀rá. Orí kúlíkúlí fúnra rẹ̀, nínú ooru Zaria, ni ó yẹ kí wọ́n ti wọn ìjáde èròjà náà.