Ẹ̀rín Ta Ni À Ń Rín? Àwàdà Ilé-Ìwé Oníjàgídíjàgan Nínú Sinimá Gẹ̀ẹ́sì àti Nínú Eré Tiwa

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, 'Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.' Bí a bá gbé eré àwàdà tí ó dá lórí ilé-ìwé oníjàgídíjàgan ka iwájú akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra ìdánwò sílẹ̀, òwe yìí ni yóò kọ́kọ́ sáré mú. Yóò kọ ọ́ pé ẹ̀kọ́ tí eré náà kọ́ wa ni pé kí ọmọ máa gbọ́ràn sí olùkọ́ lẹ́nu, yóò fa ìlà sí i nídìí, yóò sì kọjá sí ìbéèrè mìíràn. Èrò wa nínú àròkọ yìí ni pé irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ kò kan eré náà rárá. Nínú àwàdà ilé-ìwé, ọmọ ni ó ń ṣe jàgídíjàgan, ṣùgbọ́n àgbà ni a ń fi rẹ́rìn-ín. A óò kọ́kọ́ fi sinimá àwọn Gẹ̀ẹ́sì yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, kí a tó bèèrè bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nínú eré tiwa.

Ó ti pẹ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe irú sinimá yìí. Ní ọdún 1935, aláwàdà kan tí ń jẹ́ Will Hay ṣe ọ̀gá ilé-ìwé nínú Boys Will Be Boys. Ayédèrú ìwé ẹ̀rí ni ọkùnrin náà fi gba ipò. Ní ọdún 1950, Frank Launder darí The Happiest Days of Your Life, tí wọ́n mú jáde láti inú eré-oníṣe John Dighton. Nínú sinimá yìí, àṣìṣe ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ni ó gbé odidi ilé-ìwé àwọn obìnrin wá sínú ọgbà ilé-ìwé àwọn ọkùnrin tí ń jẹ́ Nutbourne. Yàrá kò tó, ibùsùn kò tó. Ọ̀gá àwọn ọkùnrin, tí Alastair Sim ṣe, àti ọ̀gá àwọn obìnrin, tí Margaret Rutherford ṣe, bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn du ilé. Nígbà tí àwọn òbí àti àwọn ìgbìmọ̀ tí ó wá wo Nutbourne sì dé ní ọjọ́ kan náà, àwọn àgbà méjèèjì, tí ó yẹ kí wọ́n máa kọ́ ọmọ ní òtítọ́, wá ń kó ọmọ pamọ́ láti yàrá dé yàrá. Ẹ ṣàkíyèsí ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ọwọ́ ọmọ ni ó ti wá. Ọ́fíìsì ni ó ti wá.

Ọdún 1954 ni Launder kan náà darí The Belles of St Trinian's. Inú àwòrán ẹ̀fẹ̀ tí Ronald Searle máa ń yà, tí àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní ọdún 1941, ni wọ́n ti mú ilé-ìwé yìí. Àwọn ọmọbìnrin St Trinian's ń pọn ọtí jíìnì ní yàrá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, alágbàtà kan tí wọ́n ń pè ní Flash Harry sì ń bá wọn wá owó sí i. Gbèsè ti wọ ilé-ìwé náà lọ́rùn. Kí ni Ọ̀gá Fritton, obìnrin tí ó ni àkóso, ṣe sí i? Ó kó owó ilé-ìwé lé orí ẹṣin kan tí yóò sáré ìje. Clarence, arákùnrin rẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ gbígba owó tẹ́tẹ́, kò fẹ́ kí ẹṣin náà sáré rárá. Àwọn ọmọ kíláàsì òkè gbè sẹ́yìn Clarence. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ni ó jà títí ẹṣin náà fi dé pápá. Ẹṣin borí, ilé-ìwé bọ́ nínú gbèsè. Àwọn olùyẹ̀wò tí ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ti rán wá kò tilẹ̀ padà sí ọ́fíìsì mọ́: ìgbádùn ibẹ̀ ni wọ́n jókòó tì.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí òwe wa. Ọmọ tí a kò kọ́ ni òwe sọ pé yóò gbé ilé tà. Níhìn-ín, àgbà ni ó fi ilé ta tẹ́tẹ́, ọmọ tí a kò kọ́ sì ni ó rà á padà. Òwe ti dorí kodò, inú ìdoríkodò yẹn gan-an sì ni ẹ̀rín wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ òwe náà sílẹ̀ bí ó ti wà, láìrí i pé eré ti yí i padà, eré mìíràn ni ó ń dáhùn ìbéèrè lé lórí.

Kí wá ni kò jẹ́ kí irú ẹ̀rín yìí di àrífín lásán? Ìdáhùn wà lára Alastair Sim. Òun, ọkùnrin, ni ó wọ aṣọ obìnrin ṣe Ọ̀gá Fritton. Òun kan náà ni ó ṣe Clarence. Kò fi ohùn yẹ̀yẹ́ ṣe é. Ìyá àgbà ọlọ́wọ̀, oníwà pẹ̀lẹ́, ni ó fi Ọ̀gá Fritton hàn pé ó jẹ́. Òǹwòran mọ̀ pé aṣọ ni, síbẹ̀ ó gbà á bí ènìyàn. Fìrí ni Sim yọjú nínú Blue Murder at St Trinian's (1957); kò sí nínú The Pure Hell of St Trinian's (1960) rárá. Ní ojú tiwa, láti ìgbà náà ni ariwo ti pọ̀ ju ẹ̀fẹ̀ lọ nínú àwọn sinimá wọ̀nyí. Nígbà tí wọ́n tún gbé St Trinian's dìde ní ọdún 2007, ọkùnrin, Rupert Everett, ni wọ́n tún fi aṣọ obìnrin wọ̀. Wọ́n mọ ibi tí agbára eré náà wà.

Ẹni tí ó bá ti wo egúngún aláré ní agbègbè Ọ̀yọ́ àti Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, yóò mọ ohun tí à ń wí. Agọ̀ ni ó ń fún eléégún láṣẹ. Ohun tí ọmọ kò gbọdọ̀ sọ lójú àgbà, ará ọ̀run lè sọ ọ́. Ní oṣù Fẹ́búárì ọdún 1826, Hugh Clapperton wo irú eré bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀yọ́ Ilé, tí ahoro rẹ̀ wà ní ìhà Ìgbòho àti Kìṣí. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìrìn-àjò rẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 1829, pé wọ́n fi ejò ńlá hàn, lẹ́yìn náà ni òyìnbó kan yọ láti inú agọ̀: ó funfun, ó rù, òtútù ń mú un, ó sì ń rìn bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gba ilẹ̀. Àlejò pàtàkì ni wọ́n fi ṣe ẹ̀fẹ̀ lójú ara rẹ̀, kò sì sí ìjà. Ọba kì í pa ọ̀kọrin.

Irú agọ̀ òyìnbó bẹ́ẹ̀ ni a tún bá pàdé nínú The Lion and the Jewel, eré Wọlé Ṣóyínká tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn ní ọdún 1959. Nígbà tí àwọn ará Ìlújìnlẹ̀ fi ijó ṣe ìtàn òyìnbó ayàwòrán tí ó ṣìnà dé abúlé wọn, tíṣà Lákúnlé ni wọ́n fi ṣe òyìnbó náà. Ó kọ́kọ́ kọ̀. Nígbà tí ó gbà, ara rẹ̀ yá gágá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bọ́ agọ̀ sílẹ̀, ẹ̀rín kò dúró. Aṣọ rẹ̀, gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, àti owó orí ìyàwó tí kò fẹ́ san, gbogbo rẹ̀ ni ó di yẹ̀yẹ́.

Ibí yìí ni àríwísí wa wà. Ní ọjọ́ 17 oṣù Jánúárì ọdún 1955, Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Iye àwọn ọmọ, tí ó lé díẹ̀ ní 450,000 ní ọdún 1954, fò kọjá 800,000 láàrin ọdún kan. Iṣẹ́ ńlá ni, a sì ń jẹ àǹfààní rẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n tíṣà tí ó kọ́ṣẹ́ kò tó. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ bíi Lákúnlé ni wọ́n rán lọ sí ìletò pẹ̀lú ìwọ̀nba ìmọ̀ tí wọ́n ní. Ṣóyínká kò mú akọ̀wé tàbí olùyẹ̀wò kankan láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ wọ inú eré rẹ̀. Lákúnlé nìkan ni ó ru gbogbo ẹ̀rín náà. Nínú The Village Headmaster, tí Olúṣẹ́gun Olúṣọlá dá sílẹ̀ fún tẹlifíṣọ̀n ní ọdún 1968, òdìkejì rẹ̀ ni a rí: ọ̀gá ilé-ìwé ni olóye, àwọn ará ìlú ni ẹ̀rín ń bá, débi pé orúkọ Amebo di orúkọ tí a ń pe olófòófó. Launder ní tirẹ̀ rẹ́rìn-ín tíṣà, ó sì tẹ̀ lé ẹ̀rín náà dé ọ́fíìsì ẹni tí ó rán an níṣẹ́. Níbẹ̀ ni The Happiest Days of Your Life fi ju The Lion and the Jewel lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè àti ijó inú eré Ṣóyínká ju ti sinimá náà lọ fíìfíì.

Àwọn olùkọ́ kan lè wí pé irú eré báyìí yóò ba ọmọ jẹ́. A kò sọ pé kí ọmọ máa pọn ọtí ní ilé-ìwé. Ohun tí a ń sọ ni pé ọmọ ti mọ àléébù àgbà kí ó tó wo eré. Bí a bá sọ fún un pé òun nìkan ni eré náà ń bá wí, ohun tí a ń kọ́ ọ ni pé kí ó purọ́ nípa ohun tí ojú rẹ̀ rí. Nítorí náà, bí ìbéèrè bá dé lórí àwàdà ilé-ìwé, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ wá ibi tí jàgídíjàgan ti bẹ̀rẹ̀. Kí ó wo ẹni tí ó wọ agọ̀. Kí ó sì wo ẹni tí ó san gbèsè nígbẹ̀yìn. Kí ó fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú eré ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Ìgbà náà ni kí ó tó fa òwe yọ.