Demas Nwoko àti Ògiri Alámọ̀

Ẹni tí ó bá ti Ifẹ̀ ń bọ̀ wá sí Ìbàdàn yóò dúró ra dòdò ní Ìkirè; bóyá ni yóò gbójú sókè wo ilé. N kò lè bá a wí, nítorí àwa ọmọ ìlú pàápàá kì í wò wọ́n. Ilé alámọ̀ tí àwọn baba wa mọ, tí páànù orí rẹ̀ ti dípẹtà, ojú òṣì ni a fi ń wò ó. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé Ìkirè ni ọkàn mi ń lọ nígbàkúùgbà tí mo bá ń ronú nípa iṣẹ́ Demas Nwoko, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìbàdàn ni mo ti rí i.

Ọmọ ọba Idumuje-Ugboko ni Nwoko. Ọdún 1935 ni a bí i. Ìdí tábìlì ìyàwòrán ilé ni ó kọ́kọ́ jókòó sí nínú iṣẹ́ ìjọba. Ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Zaria ní 1957, ó sì yàn láti kọ́ iṣẹ́ ọnà dípò ìmọ̀ ilé yíyà. Ní 1958, òun, Uche Okeke, Bruce Onobrakpeya, Yusuf Grillo àti àwọn mìíràn dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ níbẹ̀. Lójú tèmi, yíyàn yẹn ni ó bí gbogbo ohun tí ó tẹ̀ lé e. Ilà ni ayàwòrán-ilé ń rí lórí tákàdá. Ilà kì í mọ ooru, òjò kì í sì í pa á. Nwoko dìde nídìí ilà, ó lọ fi ọwọ́ kan amọ̀, igi àti ọ̀dà.

Àwọn òǹwòran ti mọ ọwọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó mọ ilé rẹ̀. Òun ni ó ṣe ọ̀ṣọ́ orí ìtàgé nígbà tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé Ọ̀mùtí jáde ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963. Mo gbà pé orí ìtàgé ni ó ti mọ bí a ti í fi ìmọ́lẹ̀ darí ojú ènìyàn. Ẹ lọ wo ilé ìsìn àwọn Dominican tí ó kọ́ ní Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1970. Omi ni ó yí i ká. Oòrùn ń jó lóde, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti wọlé, ara á tù yín, ohùn yín á sì rẹlẹ̀ fúnra rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ní kí ẹ dákẹ́.

Erùpẹ̀ pupa tí a po sìmẹ́ǹtì díẹ̀ mọ́ ni ó fẹ́ràn láti fi mọ ògiri. Àwọn kan ní sìmẹ́ǹtì yẹn ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́, pé kò jẹ́ ti ìbílẹ̀ mọ́. N kò bá wọn lọ. Ṣé àwọn ìyá wa kì í fi ẹ̀bọ́tọ ra ògiri kí ó lè le ni? Ẹ̀sùn tí ó wúwo jù ni pé ilé ìsìn, gbọ̀ngàn àṣà ní Benin àti ilé tirẹ̀ ni a sábà ń tọ́ka sí. Ilé opó, ilé àgbẹ̀ ńkọ́? Àwọn gan-an ni erùpẹ̀ wà fún.

Ní 2023, ní ìlú Venice, wọ́n fún un ní Kìnnìún Oníwúrà fún iṣẹ́ ìgbésí ayé rẹ̀. Ẹni ọdún 87 ni. Inú wa dùn. Ó yẹ kí ó dùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a ti ń kọjá lára ilé ọ̀hún láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún.

Nígbà tí ẹbí wa fẹ́ wó ilé bàbá mi àgbà ní Ìkirè, mo dá wọn dúró, mo sì fi orúkọ Nwoko ṣe ẹ̀rí. Bàbá mi kékeré gbọ́ mi dé òpin. Ó ní, “O ṣeun. Ta ni yóò máa rẹ́ ògiri náà lọ́dọọdún? Ṣé ìwọ tí ò ń gbé Ìbàdàn ni?” N kò rí èsì fọ̀. A wó o. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi kọ́ tuntun, wọ́n sì kọ́ yàrá dí àgbàlá àárín ilé tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Ọ̀sán gangan ni wọ́n ń tan iná ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ báyìí. Ní alẹ́ tí iná bá lọ, bàbá a gbé ẹní rẹ̀ jáde síta.