Ìlà Gíga àti Ilẹ̀ Pẹrẹsẹ: Àgbéyẹ̀wò Máàpù Etíkun Araromi

Máàpù tí ń fi gíga àti ìrísí ilẹ̀ hàn kì í ṣe àwòrán lásán. Ọ̀rọ̀ ni ó ń sọ. Ó ní ohun tí ó yàn láti sọ àti èyí tí ó fi sílẹ̀. Ó yẹ ní yíyẹ̀wò, nígbà náà, bí ìwé ìtàn èyíkéyìí.

Ní ọdún 1909 ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ìjọba amúnisìn rí èédú inú ilẹ̀ ní àgbègbè Udi, ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà; ní 1915 ni wíwà á bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ olókè ni ibẹ̀. Nínú máàpù Nàìjíríà tí òṣùwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1:50,000, ẹsẹ̀ bàtà 50 ni ó wà láàárín ìlà gíga kan àti èkejì. Ní Udi, àwọn ìlà wọ̀nyí sún mọ́ra gírígírí. Ẹni tí ó bá kà wọ́n yóò mọ ibi tí òkè ti dà gẹ̀rẹ́ àti ibi tí àfonífojì wà. Ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, máàpù ṣe iṣẹ́ rẹ̀ yanjú.

Ọ̀tọ̀ ni ti Araromi ní etíkun Ìlàjẹ. Orí iyanrìn tí ó wà láàárín òkun àti irà ni ìlú náà wà. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò ga tó ẹsẹ̀ bàtà 50, nítorí náà kò sí ìlà gíga tí ó lè gba ibẹ̀ kọjá. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àgbàlá gbígbẹ àti èyí tí omi bò kò sì pọ̀. Ohun tí ó ká ará ìlú lára jù lọ ni máàpù náà kò ní ojú láti rí.

Àléébù kejì ni ti ìlà etíkun. Ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n fà, bí ẹni pé òkun ti gbà láti dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Ayétòrò, ní etíkun kan náà, tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, ti pàdánù ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé sínú òkun. Lóòótọ́, ohun tí ó wà lọ́jọ́ tí wọ́n wọn ilẹ̀ ni awọnlẹ̀ yà. Ibẹ̀ gan-an ni iyì máàpù àtijọ́ wà: ẹ̀rí ni ó jẹ́ fún ilẹ̀ tí kò sí mọ́. Àmọ́ ẹni tí ó bá fi ìlà náà pààlà lónìí, inú omi ni ó lè máa pààlà sí.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó fi irú máàpù bẹ́ẹ̀ jẹ́rìí nínú ẹjọ́ ilẹ̀ tàbí ètò ìdáàbòbò etíkun, ọdún tí wọ́n wọn ilẹ̀ náà àti àlàfo àárín ìlà gíga rẹ̀ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ kà. Òfìfo orí ìwé kì í ṣe òfìfo ilẹ̀. Àwọn tí ń tukọ̀ nínú irà náà mọ orúkọ àti jíjìn omi tí máàpù kò kọ. Ẹ̀rí tiwọn gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti awọnlẹ̀.