Àwo Ju Orin Lọ

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ohun tó wà nínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù náà ju orin lọ. Mò ń kó àwo àtijọ́ jọ sí yàrá mi ní Ìbà, àwọn ọ̀rẹ́ mi sì máa ń bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ẹrù yẹn ṣe nígbà tí gbogbo orin ti wà lórí fóònù. Èsì mi rèé.

Ní àwọn ọdún 1970, orin Ebenezer Obey tàbí Sunny Adé lè gba odindi ojú àwo kan. Onílù ò ní dúró, orin kan á máa wọ inú èkejì. Tí o bá ti gbé abẹ́rẹ́ lé e, o máa jókòó tì í ni. Lórí fóònù ńkọ́? A tọ́ ọ wò, a fò ó. Páálí àwo náà tún máa ń sọ ilé-iṣẹ́ tó gbé e jáde àti nọ́ńbà rẹ̀. Èwo ni fáìlì tí à ń pín kiri ń sọ níbẹ̀?

Ẹni tó ń tà á tún ṣe pàtàkì. Ọjà Àlàbá ò jìnnà sí wa, àkójọ orin ibẹ̀ sì dùn lóde àríyá, n ò bú u. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù tó mọ ìtàn ohun tó ń tà yàtọ̀. Ẹ wo Jazzhole, tí wọ́n ṣí ní 1991, tó wà ní Awólọ́wọ̀ Road, Ìkòyí, níbi tí ìwé àti àwo ti jọ ń gbé. Fatai Rolling Dollar ti ń kọrin láti àwọn ọdún 1950. Abẹ́ rẹ̀ ni Obey ti ṣiṣẹ́ kó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1964. Nígbà tó yá, ìlú gbàgbé bàbá yìí. Jazzhole wà lára àwọn tó gbé e dìde, wọ́n gbé orin rẹ̀ jáde ní àwọn ọdún 2000. Nígbà tó fi máa kú ní 2013, ọmọdé ti mọ orin rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ta ló sọ pé ọjà títà nìkan ni iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù?

Òótọ́ ni, Ìkòyí jìnnà sí Ìbà, àpò akẹ́kọ̀ọ́ ò sì jìn. Ṣùgbọ́n àwo kan wà nítòsí. Bàbá àgbà kú, wọ́n kó àwo rẹ̀ sórí ààtàn. Ilé-iṣẹ́ bíi Soundway ní Lọ́ńdọ̀nù ń wá irú orin bẹ́ẹ̀, wọ́n ń tún un tẹ̀ jáde, àwa á wá máa fi owó òkèèrè ra ohun tó ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa. Ṣé ìyẹn dáa?

Ẹ lọ yẹ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ilé yín wò. Kí ẹnikẹ́ni tó tún kọ àròkọ lórí jùjú sínú ìwé wa yìí, kó kọ́kọ́ gbọ́ ojú àwo kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.