"A Máa Ń Lọ sí Bar Beach": Ohun tí "Máa Ń" Fi Pamọ́

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, tí òun náà ti di bàbá onírùngbọ̀n funfun báyìí, fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bar Beach ni, ní Victoria Island l'Ékòó. Ọmọdékùnrin kan jókòó lórí ẹṣin gbígbẹ kan, ẹni tó ni ẹṣin di ìjánu mú, òkun ń hó lẹ́yìn wọn. Ó kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò náà pé: "Prọ́fẹ̀, ayé dáa nígbà kan o! A máa ń lọ síbẹ̀ ní gbogbo ọdún Àjíǹde." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn pé àwa náà máa ń lọ, pé a máa ń fi bàtà há abíyá, a máa ń ra gúgúrú àti ẹ̀pà, a máa ń gba atẹ́gùn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ibi tí mo dé nìyẹn tí ọwọ́ mi fi dúró.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní kíláàsì mi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kékeré ló máa ń dá mi dúró. Ẹ rántí ohun tí a pè ní ibá àìsetán bárakú. Bí mo bá ní "mo lọ", ẹ̀ẹ̀kan ni. Bí mo bá ní "mo máa ń lọ", mo ti sọ ọ́ di àṣà. Kò sẹ́ni tó ń béèrè iye ìgbà lọ́wọ́ "máa ń". Kò sẹ́ni tó ń béèrè ọjọ́ tàbí ọdún pẹ̀lú. Ìdí nìyẹn tí ìrántí ayé àtijọ́ kò fi lè ṣe kó má lò ó. Ẹ tẹ́tí sí àwa àgbà bí a bá ń sọ̀rọ̀ Bar Beach: a máa ń gun ẹṣin, onífọ́tò máa ń ya wá, àwọn aláṣọ funfun máa ń gbàdúrà létí omi, àgbọn tútù máa ń wà. Gbogbo rẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀. Mi ò ní í pa irọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo mọ ibẹ̀, ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ nínú àpò lè jókòó sórí iyanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó fi mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ wá, kí àwọn méjèèjì máa wo òkun kan náà. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré l'Ékòó.

Ṣùgbọ́n mo jókòó, mo kà á lórí ìka. Ẹ̀ẹ̀mẹfà péré ni mo dé Bar Beach kí wọ́n tó ti ibẹ̀ pa. Mo wá bi ara mi pé nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yìí, ìgbà wo ni mo jẹ gúgúrú? Ẹ̀ẹ̀kan. Ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1971 ni.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà díẹ̀ á ti mọ ọjọ́ náà. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n yìnbọn pa Ishola Oyenusi, ẹni tí wọ́n ń pè ní "Dọ́kítà", pẹ̀lú àwọn kan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ìbọn pọ̀ nígboro, ìjọba ológun sì ti ṣe òfin ní 1970 pé ikú ni èrè ìdigunjalè. Etí òkun ni wọ́n ti ń ṣe é, lójú gbogbo ayé. Ọmọ yunifásítì ni mí, ilé àbúrò bàbá mi ní Ẹ̀búté Mẹ́ta ni mo wà fún ọlidé. Àwa ọ̀dọ́ mẹ́rin la jọ lọ. Kò sẹ́ni tó fipá mú wa. Èrò pọ̀ bí omi. Àwọn kan gun orí mọ́tò, àwọn kan gbé ọmọ kọ́rùn. Onígúgúrú ń kiri láàárín èrò bí ẹni wà ní pápá bọ́ọ̀lù. Mo rà á, ó wé e fún mi nínú bébà ìròyìn. Mo ń jẹ ẹ́ nígbà tí ìbọn dún.

Ẹ wá wo ohun tí ọpọlọ mi ṣe. Ó mú gúgúrú kúrò níbẹ̀, ó gbé e lọ sí ọdún Àjíǹde kan tí kò lọ́jọ́, ó lẹ "máa ń" mọ́ ọn. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí mo ti ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi bẹ́ẹ̀, tí ẹnu mi ń wá omi.

Èdè wa ràn mí lọ́wọ́ pẹ̀lú. Nígbà tí a padà délé lọ́jọ́ náà, ìyàwó àbúrò bàbá mi bi wá pé níbo la lọ. A ní a lọ wòran. Òótọ́ ni! Wò àti ìran. Egúngún ni ìran, bọ́ọ̀lù ni ìran, ìjà orogún lójúde ni ìran. Ọ̀rọ̀ náà kò ní èékánná. Kò bi òǹwòran pé kí lo wò tí ara rẹ fi yá gágá. Àwọn ará Èkó tiẹ̀ sọ pípa ènìyàn yìí lórúkọ, wọ́n ń pè é ní "Bar Beach Show". Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹ̀fẹ̀ lásán ni orúkọ yẹn, ẹ má gbà. Bí nǹkan ṣe rí gan-an ni wọ́n sọ.

Ẹni tí mo rí tí kò jẹ́ kí ibẹ̀ sọnù sínú "máa ń" ni Wọlé Ṣóyínká. Eré rẹ̀ *The Trials of Brother Jero*, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe n'Íbàdàn ní 1960, la máa ń fi rẹ́rìn-ín: wòlíì etí òkun tó jẹ gbèsè, tí Amope jókòó tì í lẹ́nu ọ̀nà, tí Chume kò mọ̀ pé ìyàwó òun ni ẹni tí wòlíì òun ń sá fún. A rẹ́rìn-ín títí a fi gbàgbé pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ eré náà. Jero gba iyanrìn náà mọ́ ọ̀gá rẹ̀ lọ́wọ́ ni. Nínú *Jero's Metamorphosis*, tó jáde ní 1973, ìjọba fẹ́ lé àwọn wòlíì kúrò kí wọ́n lè sọ etí òkun di ibi ìpànìyàn tó bójú mu, níbi tí òǹwòran á ti rí àyè jókòó dáadáa. Jero kó àwọn wòlíì jọ bí ológun, ó fi ara rẹ̀ jẹ ọ̀gágun, ó sì rí ibẹ̀ gbà. Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé eré kejì yìí kò dùn tó ti àkọ́kọ́. Mo gbà, ẹ̀rín inú rẹ̀ korò, ìparí rẹ̀ sì yára jù. Síbẹ̀ òun ló bi ìbéèrè tí fọ́tò ẹlẹ́ṣin kì í bi: ta ló ni ibí, ta ni wọ́n sì máa lé kúrò?

Èyí ló mú mi dé gbólóhùn kan tí mi ò lè fara mọ́ mọ́: "Òkun ló gbé Bar Beach lọ." Òkun ni olùwà. Òkun ló jẹ̀bi, ẹjọ́ tán. Ẹ jẹ́ ká wò ó. Òkìtì iyanrìn tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọ ẹnu ọ̀sà ló fún ibẹ̀ ní orúkọ "Bar". Láàárín 1908 sí 1912, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òkúta mọ odi wọnú òkun kí ọkọ̀ lè rọ́nà kọjá. Ìgbì ló máa ń ru iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Odi dá iyanrìn dúró sí apá kan, ebi iyanrìn sì ń pa apá kejì, níbi tí Bar Beach wà. Léraléra ni wọ́n da iyanrìn síbẹ̀, léraléra ni omi ń kó o. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012, ìgbì ya wọ àwọn àgọ́ ní Kuramo tó wà nítòsí ibẹ̀, ó sì pa ènìyàn.

Nígbà náà, wọ́n ti ń kọ́ ògiri Eko Atlantic, èyí tí wọ́n ní ó máa gùn tó kìlómítà 8.5. Wọ́n ń fa iyanrìn láti ìsàlẹ̀ òkun, wọ́n ń dà á sẹ́yìn rẹ̀, kí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó kìlómítà 10 níbùú lóròó lè jáde. Ilẹ̀ títà ni. Nítorí náà òkun gbé e lọ lóòótọ́, àmọ́ ènìyàn gbà á padà, kò sì dá a padà fún ẹlẹ́ṣin, onígúgúrú àti aláṣọ funfun. Bí a bá ń sunkún Bar Beach, ó kéré tán, ká fi olùwà tó tọ́ síwájú ọ̀rọ̀-ìṣe.

Mo pa èsì àkọ́kọ́ tí mo ti ń kọ rẹ́. Mo wá kọ ọ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ mi pé: "Mo jẹ gúgúrú ní Bar Beach lẹ́ẹ̀kan."

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó fèsì. "Ọdún wo nìyẹn, sà?"

Mo sọ fún un.