Níbi tí Ọ̀nà Méjì ti Pàdé

Ní orílẹ̀-èdè Benin, ẹni tó bá ń ti Manigri tàbí Bassila lọ Cotonou, ọ̀nà Bantè àti Savalou ló sábà máa ń gbà dé Dassa. Bí ọ̀nà yẹn bá dí, ó lè forí lé Djougou, kó kọjá sí Parakou, kó wá sọ̀kalẹ̀ gba Tchaourou àti Savè. Ọ̀nà kejì yìí jìn, àmọ́ ó wà. Ohun tí onírìn-àjò kì í sábà rò ni pé Dassa náà ni méjèèjì tún ti pàdé. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ẹni tó lọ́nà méjì kò lọ́nà kankan mọ́.

Irú ìṣirò yìí ni iṣẹ́ òòjọ́ àwọn tó ń to súwíìṣì méjì, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pín ìsọfúnni káàkiri, sí àárín gbùngbùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ní báńkì, ní yunifásítì tàbí ní ilé ìwòsàn ńlá. Gbogbo súwíìṣì kéékèèké inú ilé ló so mọ́ méjèèjì, kí èkejì lè máa bá iṣẹ́ lọ bí ọ̀kan bá kú. Rírà wọn kò le, owó lásán ni. Kí wọ́n máa wá ọ̀nà fúnra wọn láìsí ẹni tó ń darí wọn, ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà.

Ìlànà tí wọ́n ń pè ní OSPF ni wọ́n sábà máa ń lò fún un. Bó ṣe ti ilé-iṣẹ́ wá, súwíìṣì kọ̀ọ̀kan á máa kí èkejì lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 10. Bí kò bá gbúròó rẹ̀ fún 40, ó gbà pé ó ti kú, á sì tún ọ̀nà ṣírò. Edsger Dijkstra, ará Netherlands, ló ronú kan ìṣirò náà ní 1956, níbi tí òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ti ń mu kọfí ní Amsterdam. Ó ní kò gbà ju nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú lọ, láìsí bírò, láìsí ìwé. Ọ̀nà tó yá jù láti Rotterdam dé Groningen ló ń wá.

Ẹ wo ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Kò tíì fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù tó ti ya gbogbo rẹ̀ sórí ìwé. Ó fún súwíìṣì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí kò so mọ́ okùn kankan, kí okùn tó bá já má baà gbé orúkọ lọ. Ó pa OSPF lẹ́nu mọ́ níhà tí kọ̀ǹpútà àwọn òṣìṣẹ́ wà, kí ẹnikẹ́ni má lọ ki ẹ̀rọ bọ ògiri kó sọ pé aládùúgbò lòun. Lẹ́yìn náà ló wo MTU, ìyẹn bí páákẹ́ẹ̀tì kan ṣe lè tóbi tó. Bí ìhà kan bá jẹ́ 1500 tí èkejì jẹ́ 9000, àwọn méjèèjì á máa kí ara wọn dáadáa, wọn kò kàn ní lè parí pàṣípààrọ̀ ohun tí wọ́n mọ̀. Ọmọṣẹ́ lè fi gbogbo òru yẹ ọ̀rọ̀ aṣínà wò. Ọ̀gá á ti rí i kó tó jókòó.

Ibi tó wù mí jù kò ju ìlà méjì lọ. Àdírẹ́sì ẹnu-ọ̀nà kan ṣoṣo ni kọ̀ǹpútà inú ilé mọ̀. VRRP ló ń jẹ́ kí súwíìṣì méjèèjì pín in: ọ̀kan ń dáhùn, èkejì ń dúró dè é. Ká ní iná lọ lára ti àkọ́kọ́, tó sì padà dé. VRRP yára, láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ó ti gba ipò rẹ̀ padà. OSPF kò tíì ṣe tán. Súwíìṣì náà wá ń gba ẹrù gbogbo ilé láìmọ ibi tó máa gbé e lọ. Iná ara rẹ̀ ń tàn, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó rí íntánẹ́ẹ̀tì lò. Ìlà àkọ́kọ́ tí ọ̀gá kọ ní kó sinmi fún ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó gbapò. Èkejì ní kó máa pe iye ọ̀nà ara rẹ̀ ní 65535 bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, iye tó ga jù lọ, kí àwọn yòókù má tíì gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Kò sí òṣìṣẹ́ báńkì kankan tó máa dúpẹ́ fún un.

Ọ̀gá tún máa ń béèrè ibi tí okùn gbà. SAT-3 àti ACE wà lára àwọn okùn abẹ́ òkun tó gúnlẹ̀ sí Benin. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn méjèèjì bàjẹ́ nítòsí Abidjan, pẹ̀lú WACS àti MainOne. Ilé-iṣẹ́ MainOne ní ó jọ pé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ló mì. Lórí ìwé, méjì ni wọ́n. Ìdí nìyí tí ọ̀gá kì í fi í gbà kí súwíìṣì méjèèjì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù kan, lórí iná kan, tàbí kí okùn wọn gba ihò ògiri kan náà.

Ìdánwò ló kù. Lóru, nígbà tí kò sẹ́ni lẹ́nu iṣẹ́, ó fa iná súwíìṣì àkọ́kọ́ yọ, ó sì ń ka iye ping, ìyẹn páákẹ́ẹ̀tì ìdánwò, tó sọnù. Èyí ọ̀pọ̀ ń ṣe é. Lẹ́yìn náà ló dá iná padà tó tún kà á, torí ìpadàbọ̀ ló máa ń dójú ti ènìyàn. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún èkejì, ó kọ iye rẹ̀ sínú ìwé, ó sì fi gbogbo ohun tó tẹ̀ pamọ́ sínú àwọn méjèèjì kó tó ti ilẹ̀kùn yàrá náà.