Omi Tí Kò Rọ́nà Jáde: Orí Kan Nínú Ìwé Guyton

Bí àárẹ̀ bá mú àgbàlagbà kan ní Fìdítì, tí oúnjẹ kò wù ú jẹ mọ́, ẹ ó gbọ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń wí pé, "Nọ́ọ̀sì, ẹ bá wa fa omi sí màmá lára." A ti gbà pé agbára ni omi tó ń kán nínú ọ̀rá yẹn. Ìgbàgbọ́ yìí ló mú mi padà sí ìwé Textbook of Medical Physiology, tí Arthur Guyton ti Yunifásítì Mississippi kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1956. Ọ̀pọ̀ dókítà wa ló fi í kọ́ṣẹ́. Orí tó sọ bí kíndìnrín ṣe ń darí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ni mo fẹ́ yẹ̀ wò.

Ìdánwò kan ni òpó tó gbé orí náà ró. Wọ́n gé ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún kíndìnrín ajá mẹ́rin kúrò. Ìfúnpá wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà. Ìgbà tí wọ́n wá ń fún wọn ní omi oníyọ̀ dípò omi lásán ni ọ̀rọ̀ yí. Iyọ̀ kì í jẹ́ kí òǹgbẹ kú, nítorí náà wọ́n ń mu ìlọ́po méjì sí mẹ́rin ohun tí wọ́n ń mu tẹ́lẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ìfúnpá fi nǹkan bí 40 lé sí i, bí ẹni pé 120 di 160. Wọ́n dá omi lásán padà fún wọn, ó sì wálẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì. Wọ́n tún gbé omi oníyọ̀ dé, ó tún ròkè, ó tilẹ̀ yá ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ajá tí kíndìnrín rẹ̀ pé ì bá ti tọ iyọ̀ yẹn dànù.

Guyton kò fi mọ sórí ajá. Ní 1970, òun àti olùwádìí Coleman pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé iṣẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Circulation lórí àwọn aláìsàn tí wọ́n ti yọ kíndìnrín wọn méjèèjì, tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ń bá wọn fọ ẹ̀jẹ̀. Omi tó bá wọ ara wọn kò rọ́nà jáde. Ọkàn á kọ́kọ́ máa tú ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ jáde. Tó bá yá, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké á fún, ohun tí ọkàn ń tú jáde á dínkù, ṣùgbọ́n ìfúnpá á wà lókè síbẹ̀. Ibí ni òye ọkùnrin yìí ti wú mi lórí jù. Ẹni tó bá pẹ́ dé, iṣan tó fún ló máa bá níbẹ̀, kò ní mọ̀ pé omi ló dá a sílẹ̀.

Àléébù rẹ̀ ni pé ó kọ̀wé bí ẹni pé ẹjọ́ ti parí. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn olùwádìí ní Jámánì fi hàn pé awọ ara lè fi iyọ̀ pamọ́ láìsí pé omi tẹ̀ lé e, ìṣirò iyọ̀ àti omi kò sì rọrùn tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Bákan náà, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1997 rí ẹ̀jẹ̀ ríru lára ènìyàn 16 nínú ọgọ́rùn-ún ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, ó sì rí i lára 33 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ ìran wa ní Amẹ́ríkà. Oúnjẹ, ìsanra àti ọ̀nà ìgbé ayé wà nínú ìyẹn. Ẹni tó bá ka Guyton, kí ó fi High Blood Pressure in the African tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínkùgbé ti Ìbàdàn kọ kún un.

Síbẹ̀, iṣẹ́ ńlá ni orí yìí, ó sì kan omi tí à ń fà síni lára. Gíráàmù iyọ̀ mẹ́sàn-án ló wà nínú lítà kan omi oníyọ̀ tí à ń fà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ohun tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó márùn-ún. Lóòótọ́, omi náà ń gba ẹ̀mí là lọ́wọ́ onígbáméjì àti ìsun ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kíndìnrín yín tàbí ti màmá bá ń ṣòjòjò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kí ó tó gún abẹ́rẹ́ omi náà.